CV àkọ́kọ́: bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ṣe máa kọ ọ́

Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe WAEC tán ní nǹkan bí oṣù kẹfà, kì í pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi fi ń kún. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, ní àdúgbò Fọlágbadé, ìwé títẹ̀ àti fọ́tókọ́pì ni iṣẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, á wọlé, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ bá mi ṣe CV." CV ni ìwé tí èèyàn fi ń sọ nípa ara rẹ̀ fún ẹni tó lè gbà á síṣẹ́. Màá bi í pé kí ni kí n kọ síbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí, mà. Ẹ ṣáà fi ti ẹlòmíì ṣe é."

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Mo ṣí CV ọmọkùnrin kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà, mo yí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù padà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọmọkùnrin mìíràn. Mi ò wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ lọ ṣì wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó máa jẹ́rìí sí i náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ yìí gbé e lọ sí ilé ìtajà oògùn kan. Ẹni tó ni ibẹ̀ kà á lójú rẹ̀, ó sì ń bi í léèrè nípa iléèwé tí kò dé rí. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ mi, kò bínú, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé ìwé náà lé orí káńtà. Mo dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ti lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ti ẹnì kan ṣe ti ẹnì kan mọ́. Màá fún ọmọ náà ní àga, á jókòó, a ó sì sọ̀rọ̀. Àwọn ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni mo kọ síhìn-ín, kí o lè kọ́kọ́ bi ara rẹ nílé kí o tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kankan.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí o ń gbé e lọ

CV kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ibi mu. Ẹni tó ni ilé ìtajà oògùn ń wá ọmọ tó lè ka ìwé dáadáa, tó ń fara balẹ̀, tí kì í gbé ọ̀rọ̀ àìsàn oníbàárà jáde síta. Iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ń wá ẹni tó ní sùúrù fún ọmọ kékeré. Onísúpámákẹ́ẹ̀tì ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, tí owó kò ní dín lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí o bá wà ní Ìlíṣàn tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbé ọjà ibẹ̀ ró: ilé oúnjẹ, ibi ìfọṣọ, ibi fọ́tókọ́pì. Ní Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó ń lọ sí Bìní, ilé epo àti iléeṣẹ́ ló pọ̀. Mú ibi méjì tàbí mẹ́ta péré tó wù ọ́, tí o lè máa lọ tí o sì lè máa bọ̀ láti ilé láìná gbogbo owó oṣù sórí ọkọ̀. Ìgbà tí o bá ti mọ wọ́n ni o máa mọ ohun tó yẹ kó wà lókè nínú ìwé rẹ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, kò sì gbà kó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Ọmọ ọdún 15 tó ń lọ sí ilé búrẹ́dì kí wọ́n lè fi í sídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ibi tí kò yẹ ló ń lọ. Káńtà ni kó wá. Má sì fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ kí wọ́n lè gbà ọ́. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN rẹ ni kó wà nínú CV, nítorí ibi tí wọ́n bá ti béèrè NIN ni àṣírí á ti tú.

Jótà àti bírò

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mú jótà kan, kí o kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti gbé lé ọ lọ́wọ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: nílé, lọ́jà, níléèwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Má tíì ṣa èyí tó dára. Kọ ọ́ bó ṣe ń wá sí ọ lọ́kàn, ní Yorùbá.

Ọmọbìnrin kan wá láti Odògbolú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní òun kò tíì ṣe nǹkan kan rí. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ta lò ń gbé?" Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà." Mo ní, "Kí ni ìyá àgbà ń ṣe?" Ó ní gàrí ni. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Èmi náà máa ń bá wọn ṣe é." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rin ín, ó mọ iye ọjọ́ tó yẹ kó wà nínú àpò kó tó kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń yan án. Lọ́jọ́ ọjà, òun ló ń wọn kóńgò fún oníbàárà. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, nítorí náà òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó rà á láwìn, òun ló sì mọ ẹni tó ti san àti ẹni tó ṣẹ́ kù. Láti ìgbà tó ti wà ní JSS 3 ló ti ń ṣe é. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́ rí, nítorí pé kò sẹ́ni tó san owó oṣù fún un.

Ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un rèé:

Mo ti bá ìyá àgbà mi ta gàrí fún ọdún mẹ́ta, ní gbogbo Sátidé àti nígbà ìsinmi iléèwé.
Mo máa ń dá oníbàárà tó tó ogójì lóhùn lọ́jọ́ ọjà.
Mo ń kọ àwìn sínú ìwé, mo sì ń lọ gba owó rẹ̀.
Nírọ̀lẹ́, mo ń ka owó tó wọlé, mo sì ń fi í wé iye kóńgò tó lọ.

Wo ìlà kẹrin yẹn dáadáa. Ẹni tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì, bó bá kà á débẹ̀, á dúró. Ohun tó ń kó ìdààmú bá a lálaalẹ́ gan-an nìyẹn: owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò bá ọjà tó jáde mu. Ọmọ tó ti ń fi owó wé ọjà láti kékeré ló wà níwájú rẹ̀ yìí, kò sì sí iye ọ̀rọ̀ ńláńlá tó lè ṣe ohun tí ìlà kan yẹn ṣe.

Nítorí náà, lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí o bá kọ sínú jótà, bi ara rẹ léèrè mẹ́ta. Kí ni mo ṣe gan-an? Mélòó ni, tàbí ìgbà mélòó? Kí ló yí padà nítorí pé mo ṣe é? "Mo ran màmá mi lọ́wọ́" kò tíì sọ nǹkan kan. "Mo ń gbé fọ́tò ọjà màmá mi sórí WhatsApp lójoojúmọ́, mo ń kọ ohun tí oníbàárà bá fẹ́ rà sílẹ̀, mo ń dì í fún ọlọ́kadà" ti sọ ọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta kò bá sí, fi í sílẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo ìlà ní àbájáde, ṣùgbọ́n ó pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Ọmọkùnrin kan náà wà tó máa ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bí Iléyá bá ti ń sún mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ará ilẹ̀ yìí mọ ohun tí ìgbà yẹn jẹ́ fún télọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló ní aṣọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé aṣọ òun kò tíì parí. Ọmọ yìí ló ń kọ ìwọ̀n sínú ìwé, ló ń rán bọ́tìnnì, ló ń lọ aṣọ, ló ń gbé e lọ fún ẹni tó ni í. Ó fẹ́ kọ "mo mọ iṣẹ́ télọ̀ díẹ̀." Mo ní rárá o. Ohun tí o mọ̀ ni bí a ṣe ń parí iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀, tí àwọn oníbàárà sì pọ̀. Kọ iye aṣọ tó gba ọwọ́ rẹ kọjá. Ó padà sílé lọ bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n jọ ka inú ìwé ìwọ̀n, ó mú iye náà wá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ìwọ náà ṣe: lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ẹ jọ ṣe é, má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Àwọn mìíràn tí ọmọ máa ń gbójú fò: kíkọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì, ipò pírífẹ́ẹ̀tì, ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, títọ́jú àbúrò tí òbí kò bá sí nílé, gbígba owó ẹgbẹ́ ní kíláàsì, iṣẹ́ POS tí o dúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ kúrò ni àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń kọ. Pé o fẹ́ràn ìwé kíkà, ìrìn àjò àti bọ́ọ̀lù. Pé o jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tó lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń kà á ti rí i nínú ogún ìwé mìíràn lọ́sẹ̀ náà. Bákan náà ni ohun tí o kò mọ̀. Bí o bá kọ pé o mọ Excel, wọ́n lè fi ọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀ pé kó o ṣe é kí àwọn rí i.

Bí ojú ìwé náà ṣe máa rí

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò ní ohun tó yẹ kó gba ojú ìwé mẹ́ta, bí ó bá sì gba mẹ́ta, ọ̀rọ̀ àsọdùn ló kún un. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́ níbí, Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, tí kò le. Mú ohun tó wà nínú jótà, kí o yí ìlà kọ̀ọ̀kan sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣáájú: mo tà, mo kà, mo kọ́, mo tọ́jú. Fún tíṣà Gẹ̀ẹ́sì rẹ kí wọ́n bá ọ wò ó. Wọn kì í kọ̀.

Lókè pátápátá, orúkọ rẹ bó ṣe wà lórí ìwé WAEC àti NIN, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ti ìyókù lọ. Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, í-meèlì, àdírẹ́sì ilé. Í-meèlì tó ní orúkọ ìnagijẹ nínú kò dára, ṣí òmíràn pẹ̀lú orúkọ rẹ gan-an, ọ̀fẹ́ ni.

Níbí, wọ́n ṣì máa ń fẹ́ rí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí o ti wá, àwọn ọmọ sì máa ń ṣì í kọ. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó á kọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjẹ̀bú North ni ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Ọmọ Ìlíṣàn tàbí Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ ni kó kọ. Ọmọ Ìṣarà, Rẹ́mọ North. Bí o kò bá dá a mọ̀, bi bàbá rẹ kí o tó kọ ọ́, nítorí wọ́n lè ní kí o mú ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ wá lẹ́yìn náà.

Tẹ̀ lé e, gbólóhùn méjì nípa ara rẹ àti iṣẹ́ tí ò ń wá. Méjì péré. Ti ọmọ Odògbolú yẹn sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, òun ti ń ta ọjà tí òun sì ń tọ́jú ìwé owó fún ọdún mẹ́ta, àti pé òun ń wá iṣẹ́ ní ibi ìgbowó títí òun á fi wọ yunifásítì. Àwọn kan ní kò yẹ kéèyàn sọ pé òun ń retí àdìmíṣọ̀n. Èrò tèmi ni pé kí o sọ ọ́. Ẹni tó gbà ọ́ á mọ iye oṣù tó lè fi gbára lé ọ, kò sì ní pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ lọ́jọ́ tí JAMB bá fún ọ ní ààyè.

Ẹ̀kọ́: èyí tó sún mọ́ jù lọ ni kó ṣáájú, pẹ̀lú ọdún tí o wọlé àti ọdún tí o jáde. Bí èsì WAEC kò bá tíì jáde, kọ pé ò ń retí rẹ̀, kí o sì kọ oṣù àti ọdún tí o ṣe ìdánwò. Bó bá ti jáde, kò sí ìdí láti to mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kọ Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, àti èyí tó bá iṣẹ́ náà mu, bí Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì fún ilé ìtajà oògùn. A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. Bí Ìṣirò rẹ bá jẹ́ D7, má yí i sí C6. Ìwé ẹ̀rí tó ti ọwọ́ WAEC jáde ni wọ́n máa fi wò ó.

Ìrírí iṣẹ́ ni kó gba ààyè jù lọ, nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe àti èdè tí o gbọ́. Ọmọ tó dàgbà sí ìtòsí Sábó ní Ṣágámù, láàárín àwọn oníṣòwò obì, tó sì gbọ́ Hausa débi tó fi lè ná ọjà, ohun iyebíye ló ní yẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Má kọ nọ́ńbà NIN, BVN tàbí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì sínú CV. Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí ni. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́ síṣẹ́, ìgbà náà ni kí o mú wọn wá. Iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá rẹ ń ṣe kò kan ìwé yìí.

Àwọn tó máa jẹ́rìí sí ọ, àti onídùúró

Ẹni méjì ni o nílò ní ìsàlẹ̀: tíṣà kan, àti àgbà kan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, tí kì í ṣe òbí. Kí o tó kọ orúkọ wọn, lọ bá wọn. Dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ò ń wá, kí o sì tọrọ àyè láti lo nọ́ńbà wọn. Bí àgbà kan bá gba ìpè lójijì tó sì ní "Ta nìyẹn?", ọ̀rọ̀ rẹ ti bàjẹ́ díẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Onídùúró yàtọ̀. Ẹlẹ́rìí á sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ. Onídùúró á fọwọ́ sí ìwé pé bí owó tàbí ọjà bá sọnù lọ́wọ́ rẹ, òun ni kí wọ́n mú. Ibi tí owó bá ti ń kọjá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n lè fún ọ ní fọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n á sì béèrè fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹni náà àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Má fi orúkọ onídùúró sínú CV, ṣùgbọ́n bá ẹni náà sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ̀yin òbí, ibí yìí lẹ ti wúlò jù lọ: ẹ bá ọmọ yín lọ bẹ ẹni náà. Ọmọdé kò lè dá irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀.

Títẹ̀ àti fífi ránṣẹ́

Ìwé A4 funfun, lẹ́tà tó tó 11 tàbí 12, dúdú nìkan. Kò sí òdòdó, kò sí àwọ̀ méje. Sọ fún atẹ̀wé pé kó fún ọ ní PDF sórí WhatsApp, pẹ̀lú èyí tó ṣeé tún ṣe, kí o má bàa san owó tuntun nígbàkúgbà tí o bá fẹ́ yí ìlà kan padà. Orúkọ rẹ ni kó wà lórí fáìlì náà. Kí o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, gbé e sókè, kà á jáde láti orí dé ìsàlẹ̀. Fi ìka tẹ nọ́ńbà fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí fóònù màmá rẹ ni nọ́ńbà tí o kọ, sọ fún wọn pé o fi wáṣẹ́. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n pè, màmá rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé yàtọ̀ sí ti iléèwé, ó sì rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ni.

Tí o bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé e lọ, gbé e lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú dára, kí èrò tó pọ̀. Wọ aṣọ tó mọ́, kí wọn, sọ pé o fẹ́ rí máníjà, kí o sì sọ gbólóhùn méjì tó wà lókè CV rẹ ní ẹnu ara rẹ. Bí o bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọn, sọ orúkọ rẹ àti iṣẹ́ tí ò ń wá kí fáìlì tó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, o lè padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà ọ́, kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ìwọ nìkan wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Èkó tàbí Ìbàdàn, sí ilé tí kò ní pátákó, má lọ. Sọ ibi tí ò ń lọ fún àgbà kan, kódà bó jẹ́ Mọlípà lásán, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni.

Tọ́jú jótà yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́, kọ déètì náà sí ojú ìwé tuntun, kí o sì máa kọ ohun tí o ń ṣe níbẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ọmọ Odògbolú yẹn mú tirẹ̀ wá bá mi nígbà tó fẹ́ wá iṣẹ́ ìsinmi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí CV rẹ̀ fi parí.